Ìwé Tínrín, Ohùn Bàbá Mi

Ojoojúmọ́ ni bàbá mi máa ń ṣe wáàsí lóṣù àwẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wa ní Ijemo, fóònù mi ni mo sì fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà játijàti ni orúkọ wáàsí kọ̀ọ̀kan, èèyàn ò mọ èyí tó ṣáájú.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ o," ni màmá mi wí. "Kí èmi náà tó tẹ̀ lé wọn."

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ sọ pé ṣẹ́ẹ̀lì ló lè tò ó, ìyẹn ojú dúdú inú kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń kọ àṣẹ sí. Mo wọ ilé ìtàwé kan ní Òkè-Ilewo. Ìwé ṣẹ́ẹ̀lì méjì ló wà fún olùbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tínrín, èkejì ki bí ògiri.

"Ẹ mú tínrín yìí, mà," ni obìnrin tó ń tàwé wí. "Iṣẹ́ ló máa ń fún èèyàn ṣe."

Ta ló ń pè lọ́mọ jẹ́lé-ó-sinmi? Èyí tó ki ni mo gbé.

Ọmọ ilé kéú ni mí. Bí bàbá mi ṣe kọ́ wa ni mo ṣe kọ́ ọ: ká kọ́kọ́ há a sórí, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mò ń dáná, mò ń kà á lóhùn orin, orí mi ń mì síwá sẹ́yìn. N kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ọjọ́ tí mo wá jókòó tì í, àṣẹ ń tú lẹ́nu mi bí omi, n kò sì mọ èyí tí màá tẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo padà lọ ra tínrín náà. Obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bù kún un. "Tẹ èyí kí o wò ó," ni ojú ìwé àkọ́kọ́ wí, láìtíì ṣàlàyé nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni ìtumọ̀ ti ń dé bá ohun tí mo há sórí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó yá, mo kọ àṣẹ díẹ̀ pa pọ̀, pé kó wo ọjọ́ tí a gba wáàsí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sì fi ọjọ́ náà sọ ọ́ lórúkọ. Kí n tó mí, gbogbo rẹ̀ ti tò. Subuhánalláhì! Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo kọ o.

Mo pe màmá mi, mo ṣí àkọ́kọ́. Bàbá mi wúkọ́, wọ́n sì bi mí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé ó ti ń gbà á?"

Kí ohùn mi inú ibẹ̀ tó dáhùn, màmá mi ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ó ti ń gbà á, Bàbá," ni wọ́n wí. "Ẹ máa bá a lọ."