Ẹja Tí Kì Í Rìn

Àwọn kan ń sin ajá, àwọn kan ń sin ológbò. Ẹja ni aránṣọ kan ń sìn ní tirẹ̀, ẹja kan ṣoṣo, nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Kì í sì í ṣe èyí tó ń dán tó ń sáré kiri o. Ẹja pẹlẹbẹ ni, tó dà bí ewé gbígbẹ, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀ ju ara lọ. Á dorí kodò, kò ní mira rárá, títí ohun jíjẹ yóò fi kọjá níwájú rẹ̀. Kíá, ó ti gbé e mì! Ewé ni aránṣọ ń pè é.

Kì í jẹ ohun tó bá dúró lójú kan. Torí náà, aránṣọ máa ń fi òwú so ẹran wẹ́wẹ́, á máa mì í lọ mì í bọ̀ nínú omi bíi pé ó wà láàyè, kí Ewé tó gbà á. Nínú ilé tí oníkálukú ti ń pàṣẹ fún un, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wá gbé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí wọ́n ń tún òrùlé ilé tirẹ̀ ṣe. Obìnrin tí kò níṣẹ́ méjì ju àtojúbọ̀ lọ! Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti gbé ìjà ko ẹja ẹlẹ́ja.

"Ìyàwó, ẹja tí kì í rìn, ṣé ẹja nìyẹn? Ebi ń pa á jàre."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan o. Ohun tó bá ti kọjá níwájú ẹ̀ ló ń gbé mì, kì í wo bó ṣe tóbi tó."

"Mo gbọ́, mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ọjọ́ tí aránṣọ lọ wọn oníbàárà kan nílé, àǹtí gba ọjà lọ, ó ra ọmọ àrọ̀ tó ṣì ń jà pìtìpìtì, ó jù ú sínú omi.

Nígbà tí aránṣọ máa fi dé, ìrù àrọ̀ ló rí lẹ́nu Ewé. Ikùn Ewé ti wú.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbé e! Ṣé mi ò sọ pé ebi ń pa á?"

Inú bí aránṣọ gidigidi. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fẹ́ fa àrọ̀ náà yọ, àmọ́ ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ti há sí Ewé lọ́fun. Bó bá fà á, ọ̀fun á ya. Ó fi sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú gé ìrù náà, kò sì mọ ohun tó tún lè ṣe mọ́.

Ọkọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. "Ẹja lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀."

"Mo sọ fún wọn!"

"Má torí ẹja bá ẹ̀gbọ́n mi jà."

Aránṣọ gbé ìbínú mì, bó ṣe ń gbé e mì láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

Ní àárọ̀, ariwo àǹtí ló jí wọn. "Ẹ wá wò ó! Ìyàwó, ẹja ẹ ti ń rìn! Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?"

Lóòótọ́, Ewé ń yí kiri lójú omi. Ikùn rẹ̀ ló kọjú sókè, omi tí ẹ̀rọ inú àpótí ń tú ló ń tì í láti igun dé igun.

Aránṣọ ò sunkún. Ó wọ yàrá, ó gbé báàgì àǹtí jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ máa lọ sílé yín."

"Ṣé orí ẹ pé?" ọkọ rẹ̀ pariwo. "Òrùlé ò tíì sí lórí ilé yẹn!"

"Mo mọ̀. Kí wọ́n lọ máa ka ìràwọ̀."

Aránṣọ ti kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó ń gbé Ewé.