Ilẹ̀ Sìmẹ́ńtì Yàrá Ìyá Mi

Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí táìlì tí ọmọ ọmọ mi tẹ́ sí yàrá mi, òtútù gùn mí dé orúnkún, omi sì bọ́ lójú mi. Wọ́n ní ara àgbà ni. Kì í ṣe ara àgbà.

Ọmọdébìnrin ni mí nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń darí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. Inú ilé amọ̀ ni à ń gbé. Nígbà ọyẹ́, ìyá bàbá mi a máa dáná igi sórí ilẹ̀ yàrá. Bí iná bá kú, a ó gbá eérú kúrò, a ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ilẹ̀ a sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹ̀yìn wa. Èéfín kò jẹ́ kí aṣọ wa mọ́ rí, ṣùgbọ́n a kì í gbọ̀n.

Bàbá mi bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nídìí irin, ó rí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ́dọ̀ wọn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ó wó ilé amọ̀, ó to òkúta sí ìpìlẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ yàrá ìyá mi. Àwọn ará ìlú Ìjàgbo pàápàá wá wò ó. Ìyá àgbà tí kì í yin nǹkan kan fọ ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé!

Inú ọyẹ́ ni ìyá mi bí ọkùnrin sí yàrá náà. Ìyá àgbà gbé igi iná wọlé, bí a ti ń ṣe fún abiyamọ. Bàbá dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má dáná síbẹ̀, Ìyá. Ilẹ̀ á sán, á sì dúdú."

"Ilẹ̀ yìí ń mu ooru ara ọmọ!"

"Ẹ fi aṣọ bò ó."

A fi aṣọ bò ó lókè, àmọ́ láti ìsàlẹ̀ ni òtútù ti ń wá. Ìyá mi gbé e mọ́ àyà títí àárẹ̀ fi mú un, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ọmọ náà kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ sìmẹ́ńtì náà, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lónìí, ẹ ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní búláńkẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní kí ẹ padà sínú èéfín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò yí padà o. Inú ilẹ̀ tútù yẹn náà la tún sin àbúrò mi sí, n kò sì ní orúkọ kankan tí mo lè fi sunkún rẹ̀.