Ìbọn Tí Iye Kò Yá Bàbá Mi

Iye tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó, ó sì ń tú ìbọn náà. Ó fa àpò ọta yọ láti inú èèkù ìbọn náà, ó yọjú wò ó bóyá ọta kan ṣì kù nínú ihò, ó wá bọ́ irin òkè rẹ̀ kúrò. Sípírínì, wáyà lílọ́ tó wà nínú rẹ̀, fò jáde. Mo sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kí ó má baà gba àlàfo pákó já sínú omi. Lábẹ́ wa, omi ń gbá òpó ilé. Òórùn epo máṣíìnì dà pọ̀ mọ́ èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé.

"Iyọ̀ òkun kì í sùn," ni ó wí. "Fi irin sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ kan péré, á jẹ ẹ́."

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Iye ni à ń pe ìyá ní Ìlàjẹ. Ọkọ rẹ̀ ló ni ìbọn ìléwọ́ náà, láyé ìgbà tó ń wa ọkọ̀ ẹrù fún àwọn òyìnbó oníṣòwò. Nígbà tó kú, Iye lọ gba ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀. Ìbọn kékeré dúdú ni, ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Iye ní kò sí ohun tó ti irin òkè náà pa, àfi ìwúwo rẹ̀ àti sípírínì. Bí ọta bá ṣe ń jáde síwájú ni agbára kan náà ń ti irin náà sẹ́yìn, tí èèpo ọta á fò dànù, kí sípírínì tó dá a padà pẹ̀lú ọta tuntun.

"Bó bá rẹ sípírínì," ni ó wí, "ìbọn á ya wèrè."

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí omi bá fà, a máa ń lọ sí etí òkun níbi tí kò sí ènìyàn. Iye á gbé àgbọn gbígbẹ lé iyanrìn, á wo òkun títí á fi dá a lójú pé ọkọ̀ kankan kò bọ̀, á wá yìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn náà kéré, àmọ́ ó ń ta á lọ́wọ́ gan-an. Bí a bá délé, á tún un fọ̀.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn olè orí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú Iye.

"Iye, ẹ yá mi ní ìbọn yẹn. Bí mo bá yìn ín sókè lásán, wọ́n á sá."

"Wọn ò ní sá. Tiwọn gùn ju èyí lọ. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á pa ọ́. Ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n fẹ́. Gbé e fún wọn, kí o máa bọ̀ wálé."

Bàbá mi dìde, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sókun. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ mìíràn gbé ẹni tí wọ́n jọ lọ padà wá. Ó ní bàbá mi kò bá wọn jà rárá, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú ẹ̀ńjìnnì fún wọn. Síbẹ̀, wọ́n yìnbọn fún un, ó sì ṣubú sínú òkun. A kò rí òkú rẹ̀ sin.

Láti ìgbà náà, ìyá mi ń gbé oúnjẹ fún Iye, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, àmọ́ yàtọ̀ sí ìkíni, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí Iye fi wọkọ̀ lọ dá ìbọn náà padà fún àwọn ọlọ́pàá. Mo bá a lọ. Ọlọ́pàá tó gbà á fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu yà á.

"Màmá, ìbọn àtijọ́ yìí mà mọ́ o! Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi ni," ni Iye wí. "Mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa." Ó wá bú sẹ́kún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi àti aládùúgbò wa kan ń yí ẹja lórí iná. Mo gbọ́ tí ìyá mi ní: "Ká ní ọwọ́ mi ni ìbọn yẹn wà, èmi náà kì bá ti fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Iye. Àmọ́ bí mo bá ti wò ó, ojú ọkọ mi ni mò ń rí, ẹnu mi á wúwo."

Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í gbé ọ̀rọ̀ àgbà kiri. Mo pa á mọ́ra.

Iye tún lo ọdún méjì láyé. Bí a bá jókòó ti ẹní tí à ń hun, á rọra bi mí pé, "Ṣé ìyá rẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Èmi á ní, "N ò mọ̀, Iye."

Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, òkun sì ti gba ibi tí ilé náà wà. Ìdáhùn mi yẹn ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bi mí ni mo mọ̀.