Ìdúró Tí Mo Fi Ń Gbé Ìyá Mi

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó pa òwe náà ò sọ fún wa pé òkété wúwo. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá mi kọ̀ tí kò gbé e mọ́, mo mú un kúrò ní Ìjù-Odò wá sọ́dọ̀ mi ní Òkìtìpupa. Èmi ni mo ń gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà ni mo ń gbé e padà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ̀yìn mi bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò gbé e?

Mo gba jímù kan lọ, ilé tí wọ́n ti ń ṣe eré ìmárale, kí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé irin nílẹ̀. Olùkọ́ ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í rojọ́ púpọ̀, ní kí n bọ́ bàtà. Ìyẹn ò ṣòro. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ẹsẹ̀ lásán la fi ń sin Ọlọ́run. Ó wá fi ọ̀nà méjì hàn mí. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á sún mọ́ra, ọwọ́ á wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún. Nínú èkejì, tí wọ́n ń pè ní súmò, ẹsẹ̀ á yà gbàgàdà, ọwọ́ á wà láàárín, èèyàn ò sì ní tẹ̀ púpọ̀. Ó ní èkejì ló máa gba ẹ̀yìn mi là.

Mo ní rárá. Nílé wa, obìnrin kì í ya ẹsẹ̀. Ìyá mi ti nà mí rí torí pé mo ya ẹsẹ̀ jókòó níbi tí a ti ń pa èkùrọ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún, síbẹ̀ mo ń pa ẹsẹ̀ pọ̀ níwájú irin. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ṣorí kunkun, ẹ̀yìn sì ń dùn mí sí i.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, irin ò mọ̀ pé obìnrin ni yín,” olùkọ́ náà wí.

Inú bí mi, torí òótọ́ ló sọ. Mo ya ẹsẹ̀. Irin gbéra, ẹ̀yìn ò dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ya ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ìyá mi, mo gbá a mọ́ àyà, mo gbé e. Mo ń retí kó bá mi wí nítorí ìdúró mi. Mo gbé e kalẹ̀ sórí àga.

“O ò kérora lónìí,” ló wí.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo máa ń kérora. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí òun fi ń fi omi du ara òun, kí n má baà máa gbé òun lọ tọ̀ léraléra. Èmi rò pé ọjọ́ ogbó ni kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí.

Ó ní kí n bu omi wá. Ife mẹ́ta ló mu.