Máàpù tí Mo Kọjú Rẹ̀ sí Gábàsì

Ìdánwò àfẹnusọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù kí n tó lè wọ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, sì ti sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá tún fìdí rẹmi yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Mi ò fẹ́ kó di mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa fún ìdánwò náà kò le létí: ya máàpù ibi tí o mọ̀, kí o sì sọ fún kíláàsì bí ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ ṣe rí. Mo yan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó bá Nàìjíríà pààlà, nítorí Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo ya á sára páálí iṣu tí mo gbà lọ́jà Rye Lane.

Bí mo ṣe gbé e kọ́ ní kíláàsì, Àǹtí tó máa ń jókòó tì mí, ọmọ Èkó tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí, bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, ta ló ti orílẹ̀-èdè yín ṣubú?”

Lóòótọ́, ilẹ̀ tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, sùn gbalaja. Òkun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nílé kéú tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, kí àáfà tó júwe ibikíbi, a ó kọ́kọ́ kọjú sí gábàsì, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Òun ni mo fi ṣe òkè máàpù láìmọ̀.

Tíṣà tó ń dán wa wò rọra yí páálí náà kí àríwá lè wà lókè. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti há sórí dàrú. Mo tẹjú mọ́ páálí, mo ń wá ibi tí Àjàṣẹ́ lọ.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Má wo páálí mọ́, jàre,” ló sọ fún mi. “Dúró bí mo ṣe máa ń rí ọ tó o bá fẹ́ kírun.”

Mo kọjú sí fèrèsé tí oòrùn òwúrọ̀ ń gbà wọlé, mo na apá méjèèjì. Níwájú mi, mo ní, Nàìjíríà. Lẹ́yìn mi, Tógò. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ni òkun, tó ń jẹ yanrìn àti igi àgbọn etíkun lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi ni ọ̀sà, níbi tí apẹja ti ń gbé inú ilé orí òpó, tí ọmọdé ti ń tukọ̀. Àyà mi, ilẹ̀ pupa, ọ̀pẹ lọ bẹẹrẹ. Apá òsì, àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, lẹ́yìn wọn pápá tí ọyẹ́ ń gbẹ, títí dé Odò Ọya ní orí ìka. Tíṣà gbàgbé láti wo aago.

Ó ní mo yege! Mo wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Ọba tó la ohùn mi.

“Halelúyà!” ni Àǹtí ké lórí mi. “Nọ́ọ̀sì wa, orúnkún ń dùn mí o, ẹ wá wò ó!”

“Àǹtí,” mo dáhùn láti ilẹ̀, “ẹ lọ tò sórí ìlà.”