Àgbọn Orí Ìwọ́ Ọmọ

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwa márùn-ún la jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí wa: òun fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èmi, àti tọkọtaya Ègùn tó ń gbé lórí ilẹ̀ mi. Ìyàwó gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀. Nígbà náà, ọ̀nà ọlọ́dà kò tíì dé abúlé wa, láàárín Ajah àti òkun.

Ìyàwó mi, tó ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ló fún wọn ní ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Àdéhùn tí a máa ń bá àlejò ṣe kò le: ẹ gbin ẹ̀gẹ́, ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbin ata, ṣùgbọ́n ẹ má gbin igi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun ló nilẹ̀.

Nígbà tí ìwọ́ ọmọ wọn já, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì gbin àgbọn lé e lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Wọn ò fi pa mọ́. Ọkọ tilẹ̀ pè mí wá wò ó, èmi náà sì kí i kú oríire. Ọmọ ni mo rò, n kò ro ilẹ̀. Olórí ẹbí gbọ́, ó ránṣẹ́ pè wá. Ó ní kí wọ́n hú àgbọn náà, tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn.

"Bàbá, kì í ṣe ilẹ̀ ni mo ń wá," ni ọkọ wí. "Ọmọ ni mo gbìn ín fún."

"Mo mọ̀. Ọmọ náà ni yóò dàgbà, tí yóò sọ fún ọmọ tiwa pé, ibi igi mi rèé."

Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òbí tó bá hú igi orí ìwọ́ ti ṣe ọmọ rẹ̀ níbi.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, olùkọ́ wa sì ti sọ pé ọkọ̀ òkun àwọn Pòtogí ló gbé àgbọn dé etíkun wa, tó gbé ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata dé pẹ̀lú. Mo sọ ọ́. Mo ní èyí tí a ní kí wọ́n gbìn àti èyí tí a ní kí wọ́n má gbìn, àlejò ni gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé inú yóò bí olórí ẹbí. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní òun ti mọ̀ kí wọ́n tó bí olùkọ́ mi. Ìyá ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé adìẹ ni wọ́n fi gba àgbọn àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún lómi rẹ̀ mu, kí wọ́n wò ó bóyá yóò kú. Ẹ̀gẹ́ ṣe àwọn ènìyàn léṣe ní tirẹ̀, títí àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bùràsílì padà dé fi kọ́ wọn bí a ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù kí a tó yan án.

"Olórí ẹbí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "gàrí tí o mu lọ́sàn-án, ta ló yan án?"

Obìnrin Ègùn yẹn ni. Gbogbo wa mọ̀. Olórí ẹbí kọjú sí mi.

"Igi kò ṣẹ̀. Ọwọ́ tó gbìn ín ni kò tọ́. Ìwọ hú u, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbìn ín padà sójú ihò kan náà. Igi di tiwa, ọmọ wọn ni yóò máa jẹ èso rẹ̀."

Ìyàwó béèrè pé ìwọ́ ńkọ́. Olórí ẹbí ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ìyàwó wò mí. Ó ní tó bá jẹ́ èmi ni yóò hú u, òun gbà, torí ìyàwó mi ló fi àwọn síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ọkọ́ lọ. Mo wa iyanrìn yí ìdí àgbọn náà ká, n kò jẹ́ kó jìn dé ìwọ́. Mo gbé e sókè, mo gbé e padà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn mọ́ ọn. Ọkọ dúró tì mí, ó káwọ́ sẹ́yìn, kó má bàa ṣèèṣì ràn mí lọ́wọ́. Mo bomi sí i, mo sì gba etí ọ̀sà lọ wo àwọ̀n mi.