Ìjókòó Tí Kò Gbà Pé Òun Ṣófo

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, mi ò mu ohunkóhun, ara mi sì yá. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ kì í bí èèyàn nínú tó báyìí, inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, láyé tí àwọn ṣọ́jà tún gbàjọba, tí a ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi: wáyà, bátìrì, fèrè, ohunkóhun tó bá ń tàn tàbí tó ń ké. Mi ò ní oko, mi ò ní ilé àjogúnbá. Orúkọ tí mo ní nídìí iṣẹ́ yìí, òun náà ni oúnjẹ mi.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Táyọ̀ gbé ọkọ̀ wá, ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n kó wọlé láti ìlú òyìnbó. Lábẹ́ ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, súìṣì kékeré kan wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó, ìwúwo rẹ̀ á tẹ súìṣì náà. Bí kò bá tíì de bẹ́líìtì, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, nǹkan kan á sì máa ké títí yóò fi dè é. Táyọ̀ ní iná ń tàn, ó sì ń ké, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní súìṣì ló há, kó lọ jẹun kó padà wá.

Súìṣì kò há. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé; mo fi í sílẹ̀, ó padà sókè. Iná ṣì ń tàn. Mo gé wáyà rẹ̀, mo fi téèpù dì í lẹ́nu. Iná ń tàn. Mo tú ìjókòó náà látòkè délẹ̀, mo gbé e sórí iyanrìn níta. Iná kú.

Ó dáa. Mo gbé e padà sínú ọkọ̀, láìso wáyà kankan mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, wáyà kankan. Iná tún tàn.

Mo ní kí n de bẹ́líìtì lórí ìjókòó òfìfo náà, kí n lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni àrùn wà. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì yẹn kò sùn lé ìjókòó. Ó dúró sókè díẹ̀, bí ìgbà tó bá gba orí àyà èèyàn kọjá.

Mo sọ fún ara mi pé rọ́bà rẹ̀ ló le. Mo wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Ìbẹ̀fún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ewúrẹ́ dí ọ̀nà, mo dúró. Obìnrin kan tó ń sá gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà kúnlẹ̀, ó kí ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún pé, "Ẹ kú ọ̀nà o, Màmá."

Ó wò ó díẹ̀ sí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi. "Bàbá, ẹ bá wọn gbé orí wọn dúró. Ọrùn á dùn wọ́n."

Mi ò wo ọ̀tún mi. Títí mo fi padà dé, mi ò wò ó.

Ẹ wá wo ohun tí mo bá ní ìsọ̀ mi. Táyọ̀ dúró sábẹ́ àtíbàbà mi, láàárín àwọn oníbàárà mi, ó ń sọ fún wọn pé mi ò mọ iṣẹ́, pé mo tú ọkọ̀ òun ká bí adìyẹ ọdún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ń ti ọkọ̀ tirẹ̀ jáde.

Mo fa Táyọ̀ sẹ́yìn ògiri. Mo bi í léèrè, "Ìyá arúgbó wo lẹ gbé síwájú ọkọ̀ yìí?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ń gbé wọn bọ̀ wálé láti ọsibítù, wọ́n kú sójú ọ̀nà. Ní agboolé wọn, ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà kì í wọ inú ilé mọ́. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń sin ín sí. Ó sì ti kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀, ó fẹ́ sin wọ́n síbẹ̀. Ó bá fi bẹ́líìtì dè wọ́n kí wọ́n má baà ṣubú, ó ń wa ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá kí wọn, ó ní wọ́n ń sùn. Ó gbé wọn wọlé, ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ló tó figbe ta.

Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá ń gbé òkú rìnrìn-àjò, à ń bá a sọ̀rọ̀? Ìyá, a ti dé odò. Ìyá, a ti sọdá. Ìyá, a ti délé, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn kò sọ ìkan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ó gbé ara, ó fi ìyá sílẹ̀. Ó sì mọ̀! Ó mọ̀ kó tó gbé ọkọ̀ fún mi, ó jẹ́ kí n jókòó ti ìyá rẹ̀, ó tún dúró ń bà mí lórúkọ jẹ́.

Mo ní kó lọ ṣílẹ̀kùn, kó sọ fún wọn pé ìrìn-àjò ti parí.

Ó ní, "Bí ẹbí bá gbọ́, wọ́n á ní ká hú òkú wọn."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ ṣílẹ̀kùn fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹ ti délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀." Mo tú bẹ́líìtì náà. Iná pupa tàn, ó ń ké. Kì í ṣe ohùn mi ni wọ́n ń dúró dè.

Táyọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì tà á. Gbogbo ìgboro ló gbọ́ pé iṣẹ́ náà ju agbára mi lọ. Kí ni kí n sọ? Kí n sọ òótọ́, kí wọ́n lọ hú òkú ìyá Táyọ̀? Mo gbé e mì, oníbàárà ń dín kù.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, mo rí ọkọ̀ yẹn ní Ìjàgùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń wà á, òun nìkan. Ó ti de bẹ́líìtì ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó yára gbójú kúrò.

Mi ò mọ ọwọ́ ẹni tí ọkọ̀ náà wà lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ àlòkù, bí iná yẹn bá tàn fún yín lórí ìjókòó òfìfo, ẹ má wulẹ̀ pe ríwáyà. Ẹ má sì gbé ọmọ yín síbẹ̀. Itan ẹni ẹlẹ́ni lẹ gbé e lé.